Sinimá wa ní Adó: àwòrán ń ṣókùnkùn, òṣìṣẹ́ ń sá lọ. Èwo ni kí n kọ́kọ́ tún ṣe?

Yèyé_Sinimá · Adó-Èkìtì

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ó pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí láì dá sí i, ṣùgbọ́n ẹrù tó wà lórí mi lónìí ju èyí tí mo lè dá gbé lọ.

Ọkọ mi, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, ló dá gbọ̀ngàn sinimá kan sílẹ̀ níbí. Àga 120, aṣọ ìwòran kan ṣoṣo. Nígbà tó kú ní 2022, èmi tí mo ń ta lééṣì ní Ọjà Ọba ni wọ́n wá ń pè ní máníjà. Bí mo bá fi ìka kan lééṣì, mo mọ èyí tó dáa. Ẹ̀rọ tó ń gbé fíìmù jáde, ariwo rẹ̀ nìkan ni mo mọ̀.

Wàhálà àkọ́kọ́: àwòrán ti ń ṣókùnkùn. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá, bàbá kan jáde wá bá mi níbi tí mo jókòó sí, ó fi pẹ̀lẹ́tù bi mí pé, "Màmá, ṣé òru ni gbogbo ìtàn yìí ṣẹlẹ̀ ni?" Mo rẹ́rìn-ín, mo bu gúgúrú fún un. Nígbà tí mo wọlé lọ wò ó, oòrùn ọ̀sán gangan ni àwọn tó wà nínú fíìmù ti ń jẹ iyán, àfi bíi pé ìdí àtùpà ni wọ́n jókòó sí.

Wàhálà kejì ni òṣìṣẹ́. Márùn-ún ló ti lọ láàárín oṣù mẹ́jọ. Èyí tó dùn mí jù ni ọmọkùnrin tó mọ ẹ̀rọ náà. Ó gba owó oṣù rẹ̀ lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, nígbà tó fi di Ẹtì ó ti wà ní Èkó. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ iṣẹ́ yìí mọ̀ pé fíìmù ayé ìsinsìnyí kì í ṣe kásẹ́ẹ̀tì. Wọ́n á tì í pa kí wọ́n tó gbé e fún yín, wọ́n á wá fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, KDM ni wọ́n ń pè é, ránṣẹ́ lórí íméèlì. Íméèlì ọmọ yẹn ni wọ́n ń fi í ránṣẹ́ sí! Ọgọ́rin èèyàn jókòó lálẹ́ Ẹtì, gúgúrú wà lọ́wọ́ wọn, fíìmù kò ṣí. Ọmọ kò gbé fóònù. Mo dá owó gbogbo wọn padà, mo bẹ̀bẹ̀ títí ohùn mi fi há.

Owó tó wà lọ́wọ́ mi báyìí, nǹkan kan ṣoṣo ló lè ṣe. Ṣé kí n fi ra ẹ̀rọ tuntun ni, àbí kí n fi wá àwọn òṣìṣẹ́ tó mọṣẹ́, kí n máa san owó gidi fún wọn? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá mi bú ọkọ mi. Òun náà gbìyànjú.

Ọmọ_Fásitì · Adó-Èkìtì

Ha! Ẹ̀yin lẹ ni ibẹ̀ yẹn, Màmá? Mo wá wo fíìmù níbẹ̀ lóṣù tó kọjá, mo rò pé ìwé kíkà ló ti ba ojú mi jẹ́. Mo ti ń tọ́jú owó dígí o.

Tóyè_Oníjẹ́nẹ́ · Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì

Màmá, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ má tíì ra nǹkan kan.

Ẹ kọ́kọ́ lọ wo wákàtí lámpù. Ẹ̀rọ yẹn fúnra rẹ̀ ló ń kà á, bí mọ́tò ṣe ń ka ibi tó ti rìn dé. Bó bá jẹ́ lámpù xenon ni, kì í kú lójijì bíi gílóòbù ilé. Díẹ̀díẹ̀ ló ń rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó ń wò ó lójoojúmọ́ kò ní mọ̀, àlejò ló máa rí i, bí bàbá yẹn ṣe rí i.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ yọ asẹ́ ekuru tó wà lára ẹ̀rọ náà, kí ẹ gbé e sójú ìmọ́lẹ̀. Bí ẹ kò bá rí òdìkejì, ẹ̀rọ yín ò rí èémí mí nìyẹn. Ní àsìkò ọyẹ́, ọ̀sẹ̀ kan ti pọ̀ jù láti fi í sílẹ̀ láì fọ̀. Ẹ sì wo dígí fèrèsé kékeré tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà jáde láti yàrá ẹ̀rọ. Mo ti dé ibì kan tí wọ́n ti fẹ́ pààrọ̀ ẹ̀rọ olówó gọbọi, àṣé èéfín òróró gúgúrú ló bo dígí yẹn. Aṣọ tó mọ́ àti oògùn dígí ni mo fi tún un ṣe. Owó tí mo gbà kò tó owó mọ́tò padà sílé, ẹ̀kọ́ ni mo kà á sí.

Báwo lẹ ṣe ń pa ẹ̀rọ náà? Ibẹ̀ lọ̀pọ̀ ti ń ṣe é. Fáànù kan wà nínú rẹ̀ tó ń tu lámpù nínú. Lẹ́yìn tí fíìmù bá parí, ẹ gbọ́dọ̀ fi fáànù yẹn sílẹ̀ kó ṣiṣẹ́ tán kí ẹ tó yọ iná. Bí NEPA bá gbá iná mọ́ yín lójú nígbà tí fíìmù ń lọ, fáànù á kú, lámpù tó gbóná janjan á wá jókòó sínú ooru ara rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ fíìmù àti kọ̀ǹpútà rẹ̀ wà lórí UPS, bátìrì tó ń gba iná dúró fúngbà díẹ̀, tó fi jẹ́ pé kó tó di pé jẹnẹrétọ̀ gbéra, wọn ò ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Ẹ má sì so wọ́n mọ́ wáyà kan náà tí éésì wà. Ìgbàkígbà tí éésì bá gbéra, iná á fà sẹ́yìn, ẹ̀rọ fíìmù ló máa jìyà rẹ̀.

Bí àdúgbò yín bá wà lára Band A tí wọ́n ṣèlérí iná ó kéré tán wákàtí 20 lóòjọ́ fún, ẹ má torí ìyẹn ta jẹnẹrétọ̀ o. Wákàtí mẹ́rin tó kù yẹn, aago méje alẹ́ Àbámẹ́ta ló máa ń bọ́ sí.

Yèyé_Sinimá

Tóyè, Ọlọ́run á bùkún iṣẹ́ ọwọ́ rẹ. Ọmọ kékeré tó kù lọ́dọ̀ mi bá mi wá òǹkà náà rí. 3,140 ló kọ síbẹ̀. Mo wá páálí tí wọ́n fi gbé lámpù wá, mo rí i nínú ìdọ̀tí lẹ́yìn jẹnẹrétọ̀. Wákàtí 2,000 péré ni wọ́n kọ sára rẹ̀ pé ó yẹ kó lò.

Asẹ́ ekuru, ẹ jẹ́ ká má sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó dà bí ẹ̀yìn ológbò.

Mo ti gbé àkàbà síbẹ̀ báyìí. Ṣé mo kàn lè tú lámpù náà fúnra mi ni, àbí irinṣẹ́ kan wà tí mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rà?

Àgbà_Òkèṣà · Adó-Èkìtì

ỌMỌ MI, SỌ̀ KALẸ̀ LÓRÍ ÀKÀBÀ YẸN.

Ó dáa. Jẹ́ kí n wá sọ ìdí rẹ̀. Gáàsì tó wà nínú lámpù xenon ń ti dígí rẹ̀ láti inú jáde, kódà nígbà tó bá tutù. Bó bá bọ́, tàbí tí nǹkan bá ṣá a, ó lè bú gbàù, kí àfọ́kù dígí máa fò bí ọta. Ẹni tó bá fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀ á wọ ìbòjú, á wọ ìbọ̀wọ́ tó nípọn, á bo ọrùn. Kò sì gbọdọ̀ fi ìka lásán kan dígí rẹ̀, torí òróró ara ìka á jóná mọ́ ọn lára, ibẹ̀ ló sì ti máa là lọ́jọ́ kan. Pe ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ti ògbólógbòó yẹn náà, má jù ú sórí ààtàn kí àwọn ọmọdé má baà fi òkúta sọ ọ́.

Ìbàdàn ni mo ti kọ́ iṣẹ́ yìí, ọdún 1974, ayé fíìmù 35mm tí wọ́n ń ká mọ́ rílù. Iná ìgbà yẹn, igi kábọ́nù méjì ló ń jó kojú ara wọn, ìwọ lo máa máa tì wọ́n súnmọ́ra bí wọ́n ṣe ń kéré sí i. Rílù kan kò ju nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú lọ, nítorí náà ẹ̀rọ méjì la fi ń ṣe é. Bí rílù bá fẹ́ tán, àmì roboto kékeré kan á yọ ní igun òkè lọ́wọ́ ọ̀tún, ará ìlú kì í kíyè sí i. O rí ti àkọ́kọ́, o tan mọ́tò ẹ̀rọ kejì. O ka bíi méje lọ́kàn rẹ, àmì kejì yọ, o sì yí i sí ẹ̀rọ kejì. Bó o bá tòògbé, aṣọ á funfun báláú, gbogbo gbọ̀ngàn á máa kí ìyá rẹ lóríṣiríṣi. Lẹ́yìn 1979, nígbà tí Hubert Ogunde bẹ̀rẹ̀ sí í gbé fíìmù jáde, èrò a máa jókòó dé orí àtẹ̀gùn. Lọ́jọ́ irú èrò bẹ́ẹ̀, o kò gbọdọ̀ sín.

Mo ń bọ̀ wá síbi tí mo ń lọ. Ọ̀gá mi kò bi mí léèrè ìwé ẹ̀rí. Ó ní kí n wọ gbọ̀ngàn lọ jókòó, bí fíìmù bá tán kí n wá sọ ohun tí mo rí. Mo jáde, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn ìjà tó wà nínú fíìmù. Ó ní, "Mo mọ ìyẹn. Nínú gbọ̀ngàn ńkọ́?" N ò rí nǹkan kan. Ó ní kí n máa lọ. Mo padà wá lọ́jọ́ kejì, ó tún ní kí n máa lọ. Lọ́jọ́ kẹta mo kọ̀yìn sí aṣọ ìwòran. Mo wá sọ fún un pé fáànù apá òsì ń lu nǹkan, pé ìyàwó kan gbé ọmọ jáde lẹ́ẹ̀mẹta nítorí ooru, pé ẹni tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọ̀nà kì í já a dénú, ó ń kó o jọ sápò, ó sì ń tà á padà fáwọn tó wà níta. Alẹ́ ọjọ́ yẹn náà ló gbà mí, ó sì lé ìyẹn.

O ní ṣé ẹ̀rọ ni kó o rà, àbí òṣìṣẹ́ ni kó o wá. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, ọmọ mi. Lámpù rẹ kò kú lánàá. Ó lé ní ẹgbẹ̀rún wákàtí tó fi ń kú lójú ẹni mẹ́fà tó ń gbowó oṣù, kò sẹ́ni tó rí i. Bó o bá ra tuntun fún àwọn ojú kan náà, wọn ò ní rí ìyẹn náà nígbà tó bá ń kú. Ra lámpù, ìyẹn nìkan. Ẹni tó ń ríran ni kó o fi owó tó kù wá. Ẹ̀rọ ṣeé kọ́ láàárín oṣù méjì.

Ọmọ_Fásitì

Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka ìdáhùn yìí lẹ́ẹ̀mejì.

Ọmọ_Aláayè · Ẹ̀fọ̀n-Aláayè

Mo dọ̀bálẹ̀ fún bàbá, ṣùgbọ́n n óò sọ tèmi. Ẹni tó ń ríran lè rí ibi tí owó wà pẹ̀lú. Ọmọ tó sá lọ sí Èkó yẹn, bó bá jẹ́ ọmọ ẹbí ni, ibo ló fẹ́ sá sí? Màmá á pe ìyá rẹ̀, ọ̀rọ̀ á tán. Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíì. Ẹ gba ọmọ ẹ̀gbọ́n yín kan sídìí owó, kí àjèjì máa gbálẹ̀.

Màmá_Gúgúrú · Ìkọ̀lé-Èkìtì

Mo fi ìlẹ̀kẹ̀ yẹn sídìí ọmọ àbúrò mi, àbúrò. Ó tà á.

Èmi ló ń bójú tó ibi tí wọ́n ti ń ta gúgúrú àti mínírà ní gbọ̀ngàn ìwòran kan fún ọdún mẹ́rin, kì í ṣe Èkìtì níbí. Ẹni tó bá mọ òwò yìí mọ̀ pé gúgúrú ló ń bọ́ sinimá. Owó tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ ó yọ VAT 7.5% fún ìjọba, ẹ ó wá pín èyí tó kù pẹ̀lú àwọn tó ni fíìmù. Gúgúrú kò ní alábàápín. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ibẹ̀ ni olè máa ń kọ́kọ́ jókòó sí.

Ẹ má ka gúgúrú, ẹ ka ife. Kò sẹ́ni tó lè mọ iye gúgúrú tó jáde nínú ìkòkò, ṣùgbọ́n ife ní iye. Bí ẹ bá fún wọn ní 200 láàárọ̀, tó ku 140 lálẹ́, owó ọgọ́ta ife ni kẹ́ ẹ bá níbẹ̀. Ife tó bá bàjẹ́, kí wọ́n kó o sọ́tọ̀ fún yín, kẹ́ ẹ kà á. Mo ń ṣe bẹ́ẹ̀, ife ń pé, owó ń pé, síbẹ̀ àgbàdo ń tètè tán. Ó yà mí lẹ́nu. Ọmọ àbúrò mi ni o! Ó ti lọ ra ife tirẹ̀ lọ́jà. Àgbàdo mi, òróró mi, gáàsì mi, ife tiẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń lu òǹtẹ̀ sára ife.

Mo ní kó máa lọ. Ìpàdé ẹbí mẹ́ta la ṣe lé e lórí. Àbúrò mi kò kí mi fún ọdún kan gbáko. Bó bá jẹ́ ọmọ ẹlòmíì ni, ìwé kan péré ni mi ò bá kọ.

Ọmọ_Aláayè

Ife tiẹ̀! Ẹ̀gbọ́n, mo túúbá.

Ṣùgbọ́n onídùúró méjì ńkọ́? Ìyẹn kò ṣeé fò.

Màmá_Gúgúrú

Ìyẹn, a jọ wà níbẹ̀. Kẹ́ ẹ sì dé ilé onídùúró náà o, kí ẹ fojú rí i. Èyí tí wọ́n kàn fọwọ́ sí lórí bébà, ìgbà mìíràn ọ̀rẹ́ kan ló jókòó sí búkà tó ń fọwọ́ sí i fún gbogbo wọn.

Ọmọ_Fásitì

Mo ti ń ṣàwàdà látàárọ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ kan tí kì í ṣe àwàdà. Gbogbo yín ń sọ bí ẹ ó ṣe mú olè. Kò sẹ́ni tó béèrè ìdí tí àwọn márùn-ún yẹn fi lọ.

Mo ti ṣe irú iṣẹ́ yìí rí nílùú mìíràn, bí mo ṣe ń kàwé lọ́wọ́. Èmi ni mo ń fi tọ́ọ̀ṣì mú àwọn èèyàn lọ sídìí àga. Wọ́n ní ìparí oṣù ni owó, ìparí oṣù wá máa ń bọ́ sí ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù tó tẹ̀ lé e. Bí àga bá ya, wọ́n á yọ ọ́ lára owó wa, bó tiẹ̀ jẹ́ pé oníbàárà ló fi bàtà gun orí rẹ̀. Fíìmù ìkẹyìn á parí ní nǹkan bí aago mọ́kànlá, a óò gbálẹ̀, ilẹ̀kùn á tì, ọ̀gá á wọ mọ́tò rẹ̀ lọ. Ọmọbìnrin méjì tá a jọ ń ṣiṣẹ́ á wá máa dúró sójú títì de ọ̀kadà tí wọn ò mọ ẹni tó ń wà á. Ọ̀kan nínú wọn fi iṣẹ́ sílẹ̀ láìsọ nǹkan kan, ọ̀gá ní ìran òde òní kò nífọkànsìn.

Bákan náà, mo sọ fún ọ̀gá lẹ́ẹ̀mejì pé omi ń kán láti ara éésì sórí àga ìlà kẹrin. Ó ní ṣé èmi ni máníjà ni. N kò sọ nǹkan kan mọ́ láti ọjọ́ náà. Bàbá Òkèṣà ní kí ẹ wá ẹni tó ń ríran. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ojú tó ríran lẹ́ẹ̀mejì tí wọ́n fọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì, á kọ́ láti máa wo ibòmíràn.

Yèyé_Sinimá

Ọmọ mi, mo gbọ́. Ó dùn mí, torí pé èmi náà ti sọ "ṣé ìwọ ni máníjà" rí. Owó oṣù tí mo ń san gan-an kò tó ₦70,000 tí ìjọba fi ṣe òfin ní 2024. Mo máa ń sọ fún ara mi pé iṣẹ́ ọ̀sán àti alẹ́ díẹ̀ ni.

Àgbà_Òkèṣà

Ọmọkùnrin yìí sọ ohun tí mo gbàgbé láti sọ.

Ọmọ_Ìjerò · Lọ́ndọ̀n

Ẹ kú o, Èkìtì kete. Ọdún mẹ́rin ni mo fi ṣiṣẹ́ ní sinimá níbí nígbà tí mo kọ́kọ́ dé. Iṣẹ́ ẹni tó ń ṣí gbọ̀ngàn láàárọ̀ ni mo fẹ́ sọ, torí òun ni mo rí pé ẹ kò ní.

Ẹnìkan á wọlé kí èrò tó dé. Á jókòó sórí àga, á dìde, á tún jókòó sórí òmíràn. Àga tó bá ń mì, á kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀. Á tan fíìmù díẹ̀ kó lè gbọ́ bóyá gbogbo sípíkà ló ń sọ̀rọ̀, torí pé èyí tó wà lẹ́yìn lè dákẹ́ fún oṣù kan kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Á ṣí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, á fa omi. Bí fíìmù bá bẹ̀rẹ̀ tán, ẹnìkan á máa yọjú wọlé lóòrèkóòrè, á dúró sẹ́yìn fún ìṣẹ́jú kan: ṣé àwòrán hàn dáadáa, ṣé ohùn kò pọ̀ jù, ṣé òtútù kò ti pọ̀ jù, ṣé ẹnikẹ́ni kò fi fóònù ká fíìmù sílẹ̀. Ìwé kan ni gbogbo rẹ̀ wà, ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò á fọwọ́ sí i. Kẹ́ ẹ má fi omi nu aṣọ ìwòran o, kódà bí ọmọdé bá da mínírà sí i. Ẹ pe ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Nǹkan kan tún wà. Ẹni tó bá wà lẹ́nu ọ̀nà gbọ́dọ̀ lè sọ pé rárá. Bí àjọ tó ń yẹ fíìmù wò, NFVCB, bá ti kọ 18 sí fíìmù, tí bàbá olówó kan wá mú ọmọ ọdún mẹ́wàá dání, tó ní ṣé o mọ ẹni tí òun jẹ́, ọmọ tí ẹ gbà síṣẹ́ kò gbọdọ̀ wolẹ̀. Ẹ sì gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀ nígbà tí bàbá náà bá wá fi í sùn. Èmi á bi ẹni tó ń wáṣẹ́ léèrè ìyẹn gan-an: bí àgbà ìlú bá fẹ́ kọjá, kí lo máa sọ? Ẹni tó bá ní òun máa jágbe mọ́ ọn, rárá. Ẹni tó bá ní òun máa gbà, rárá. Mo rántí ọmọ Gánà kan tó ní, "Mo máa kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà ni mo máa kúnlẹ̀ sí." Wọ́n gbà á lójú ẹsẹ̀.

Ilẹ̀kùn àsálà yín ńkọ́? Ṣé síta ló ń ṣí? Ṣé kò ní ṣẹ́ẹ̀nì?

Yèyé_Sinimá

Ó ní ṣẹ́ẹ̀nì. Àwọn ọmọ àdúgbò ló ń gba ibẹ̀ wọlé lọ́fẹ̀ẹ́, ọkọ mi bá tì í pa.

Tóyè_Oníjẹ́nẹ́

Ah. Màmá.

Àgbà_Òkèṣà

Ṣí i lálẹ́ yìí. Bí ogún ọmọ bá gba ibẹ̀ wọlé lọ́fẹ̀ẹ́, wọlé ni kí wọ́n wọlé. Fi ẹnìkan jókòó síbẹ̀ lọ́la.

Yèyé_Sinimá · ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn náà

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo ní kí n wá jẹ́ iṣẹ́ tí ẹ rán mi.

Mo tú ṣẹ́ẹ̀nì kúrò lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ọmọ mẹ́ta péré ló gba ibẹ̀ wọlé ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Mo fún wọn ní ìgbálẹ̀ lẹ́yìn fíìmù, méjì kò padà wá, ẹ̀kẹta ń wá títí dòní, ó sì ń sanwó.

Tóyè wá láti Ìkẹ́rẹ́, ó ya wáyà éésì sọ́tọ̀, ó so UPS mọ́ ẹ̀rọ. Ó bá mi pe ẹni tó pààrọ̀ lámpù. Ọkùnrin náà wọ ìbòjú bí ẹni tó fẹ́ kó oyin, ó ní kí gbogbo wa bọ́ síta. Mo ti kọ ọjọ́ tó wọlé sí ara ògiri pẹ̀lú wákàtí rẹ̀. Íméèlì tuntun ni mo ṣí fún KDM, orúkọ sinimá ló ń jẹ́, ẹni méjì ló mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí i, èmi sì jẹ́ ọ̀kan. Ọjọ́rú la ti ń bèèrè kọ́kọ́rọ́ fíìmù tó máa bẹ̀rẹ̀ ní Ẹtì, a sì máa ń dán an wò ní kété tí àkókò tí wọ́n kọ sí i bá ti wọlé, ká má tún dúró de ojú èrò.

Owó oṣù ti di ₦70,000, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n ni mo ń san án. Kí n lè rí i san, mo dín ìfihàn ọ̀sán Ajé àti Ìṣẹ́gun kù. Kò sẹ́ni tó ń wá tẹ́lẹ̀ náà, dísẹ́ẹ̀lì jẹnẹrétọ̀ nìkan ló ń jó. Mo bá onímọ́tò kan tó ń gbé àdúgbò wa ṣàdéhùn, òun ló ń gbé àwọn ọmọ délé bí fíìmù ìkẹyìn bá tán.

Ó wá ku ti ìdánwò Bàbá Òkèṣà. Èèyàn mọ́kànlá ló wá. Mo ní kí wọ́n wọlé jókòó, kí wọ́n wá sọ ohun tí wọ́n rí. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ní ìwé ẹ̀rí rẹpẹtẹ sọ ìtàn fíìmù náà dáadáa ju ẹni tó ṣe é lọ, gbogbo wa ń rẹ́rìn-ín. Mo ní kó máa lọ, ó dùn mí. Obìnrin kan wà níbẹ̀, ó ti lé ní ogójì ọdún, ilé ìdáná ilé ìwé kan ló ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Mo bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀ nínú fíìmù, ó ní òun kò lè sọ. Ó ní bàbá kan ní ìlà kẹfà pààrọ̀ àga lẹ́ẹ̀mejì, kò bínú, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni, òun bá lọ fọwọ́ kan àga tó fi sílẹ̀, ó tutù. Ó ní gílóòbù tó wà lókè ilẹ̀kùn àsálà ń ṣẹ́jú. Ó ní ọmọ tó ń ta gúgúrú ti ń dúró láti ọ̀sán, pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú, ṣé kò sí àga ni?

Òun ló ń ṣí gbọ̀ngàn fún mi báyìí. Ọmọ kékeré tó kù lọ́dọ̀ mi ti ń kọ́ ọ ní ẹ̀rọ. Mo ra àga fún ọmọ gúgúrú.

Bàbá ọjọ́sí padà wá lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Bó ṣe ń jáde ló kọjá lọ́dọ̀ mi, ó ní, "Màmá, ilẹ̀ ti mọ́ bá wọn."

Màmá_Gúgúrú

Ẹ kú oríire o! Òǹtẹ̀ ife ńkọ́?

Yèyé_Sinimá

Mo ti gbẹ́ ẹ. Àwòrán ìyá tó di gèlè ló wà lára rẹ̀.

Ọmọ_Fásitì

Màmá, ẹ̀yin gan-an la ń wá. Ṣé àyè ṣì wà fún ẹni tó ń mú tọ́ọ̀ṣì ní òpin ọ̀sẹ̀? Mo ní tọ́ọ̀ṣì tèmi.

Yèyé_Sinimá

Wá lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, aago márùn-ún. Jókòó síbi tó bá wù ọ́. Má wo fíìmù o.